Ìlà Gáàsì Yín Sanra Jù? Bí Ẹ Ṣe Lè Rí Ìlà CO Ketekete Lórí Ẹ̀rọ FTIR

Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí mi ṣáá nípa FTIR, ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ infrared yẹ gáàsì wò, tó sì ń ya ibi tí gáàsì ti gbé ìmọ́lẹ̀ mì bí ìlà. Resolution ni bí ẹ̀rọ ṣe lè ya ìlà tó sún mọ́ra sọ́tọ̀ tó; bí iye rẹ̀ bá ṣe kéré tó ló ṣe ń yà wọ́n tó. “Ẹ̀gbọ́n, mo ti gbé resolution dé ibi tí ẹ̀rọ wa lè gbé e dé, síbẹ̀ òkìtì méjì ni mo rí, n ò rí ìlà.” Ẹlòmíràn rí ìlà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n sanra bí òpó ilé, orí wọn sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ̀rọ ni gbogbo wọn ń dá lẹ́bi. Ohun tí mo sábà máa ń bá níbẹ̀ ni pé gáàsì ti pọ̀ jù nínú sẹ́ẹ̀lì (àgò tí gáàsì ń wà, tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá), tàbí kí ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé ti fẹ̀ jù. Iye resolution tí ẹ tẹ̀ sójú kọ̀ǹpútà, ẹ̀bẹ̀ lásán ni tí àwọn nǹkan méjì yìí kò bá bá a mu.

CO (kábọ́ọ̀nù mónóksáídì) ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ látòkè délẹ̀. Àwọn ìlà rẹ̀ tò bí eyín òòyà, àlàfo kan wà láàárín wọn ní 2143 cm⁻¹ (iye ìgbì ìmọ́lẹ̀ tó wà nínú sẹ̀ǹtímítà kan, òun la fi ń wọn ipò ìlà), ẹni tó bá rí i lẹ́ẹ̀kan kò ní ṣì í mọ̀ nígbà kejì.

## Ìṣirò mẹ́ta kí ẹ tó tan ẹ̀rọ

Ẹ mú bírò. Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún, òun ló sì máa sọ fún yín bóyá ẹ̀rọ yín tó iṣẹ́ náà ṣe.

1. Báwo ni ìlà kan ṣe jìnnà sí èkejì? Ti CO jẹ́ bíi 3.8 cm⁻¹. Ti HCl (háídrójìn klóráídì) fẹ̀ gan-an, ó tó 20 cm⁻¹. Ti CO₂ jẹ́ bíi 1.6, ti N₂O kò ju 0.84 lọ. Ẹ̀rọ orí tábìlì tí resolution rẹ̀ jẹ́ 4 cm⁻¹ yóò da gbogbo ìlà CO pọ̀ mọ́ra, òkìtì méjì yẹn náà nìyẹn. Ẹ̀rọ 0.5 yóò yà wọ́n sọ́tọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n N₂O máa fún un ní wàhálà.

2. Báwo ni ìlà náà fúnra rẹ̀ ṣe sanra tó? Ohun méjì ló ń mú un sanra. Èkíní ni ìrìn mólékù: èyí tó ń sáré bọ̀ àti èyí tó ń sáré lọ kì í gba ìmọ́lẹ̀ mì níbì kan náà gẹ́lẹ́. Ẹ fi 7.16 × 10⁻⁷ lu ipò ìlà náà, kí ẹ tún fi lu √(T/M), níbi tí T jẹ́ ooru ní kelvin, tí M sì jẹ́ ìwúwo mólékù. Fún CO ní 296 K, ẹ ó rí 0.005 cm⁻¹. Èkejì ni bí mólékù ṣe ń kọlu ara wọn, èyí tó ń pọ̀ sí i bí ìfúnpá bá ṣe ń pọ̀ sí i. Nínú afẹ́fẹ́ lásán bó ṣe wà nínú yàrá yín, ìlà CO máa fẹ̀ tó bíi 0.13 cm⁻¹. Tí ẹ bá dín ìfúnpá kù sí 10 mbar (nǹkan bí ìdá kan nínú 100 ti yàrá), fífẹ̀ tí ìkọlù ń fà á wá sílẹ̀ sí bíi 0.0013, ìrìn mólékù ló sì máa jọba láti ibẹ̀ lọ. Ẹ lè máa fa gáàsì jáde títí ilẹ̀ á fi ṣú, ìlà kò ní tín-ín-rín ju 0.005 lọ mọ́ àfi tí ẹ bá mú gáàsì náà tutù.

3. Báwo ni ìrìn ìmọ́lẹ̀ inú ẹ̀rọ ṣe gbọ́dọ̀ yàtọ̀ síra tó? Ẹ̀rọ náà ń pín ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀nà méjì, ó sì ń fi dígí tó ń rìn mú kí ọ̀kan gùn ju èkejì lọ. Ẹ pín 1 sí resolution tí ẹ fẹ́, ẹ ó rí ìyàtọ̀ náà ní cm. Fún 0.5, 2 cm ni. Fún 0.1, 10 cm. Fún 0.005, mítà méjì gbáko. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ bíi Bruker IFS 125HR fi ń gba yàrá kan fúnra rẹ̀. (Ilé-iṣẹ́ yìí máa ń lo 0.9 dípò 1 nínú ìṣirò náà, nítorí náà ẹ ka ìwé ẹ̀rọ yín kí ẹ tó fi ẹ̀rọ kan wé òmíràn.)

Ẹ má rò pé iye tó kéré jù ló dára jù nígbà gbogbo. Àwọn ibùdó TCCON, tí wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn wọn CO₂ àti CH₄ ojú sánmà, ẹ̀rọ 125HR yìí kan náà ni wọ́n ń lò, síbẹ̀ 45 cm ni wọ́n ń jẹ́ kí ìrìn ìmọ́lẹ̀ fi yàtọ̀ síra. Ìlà gáàsì tó wà nísàlẹ̀ sánmà ti sanra látàrí ìfúnpá. Èrè kékeré ló kù fún ẹni tó bá fẹ́ lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, àkókò rẹ̀ ló máa jóná.

## Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: iye gáàsì

Ká ní ẹ fi CO tó jẹ́ 1 mbar péré sínú sẹ́ẹ̀lì 10 cm, láìfi nǹkan kan kún un. Ó dà bí ẹni pé gáàsì yẹn kò tó nǹkan, àbí? Ní góńgó ìlà tó lágbára jù, ìmọ́lẹ̀ tó máa kọjá kò tó ẹyọ kan nínú 100 mílíọ̀nù. Ìlà náà ti gbé gbogbo rẹ̀ mì. Orí rẹ̀ á tẹ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa fẹ̀ sí i, ẹ ó sì rò pé ẹ̀rọ ni kò lè yà á.

Ẹ mú 1 mbar yẹn kan náà, kí ẹ wá fi náítírójìn kún un títí tí ìfúnpá inú sẹ́ẹ̀lì fi bá ti yàrá dọ́gba. Nísinsìnyí, ohun tó lé ní ìdajì ìmọ́lẹ̀ ló ń kọjá ní góńgó ìlà kan náà. Iye mólékù CO kò yí padà o. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n da òkìtì gààrí sórí ẹní, tí wọ́n wá tẹ́ ẹ: ó fẹ̀, ó sì lọ sílẹ̀.

Èyí túmọ̀ sí pé ìmọ̀ràn méjì ló wà, ẹ má dà wọ́n pọ̀:

- Ẹ̀rọ ńlá (0.005 cm⁻¹): gáàsì díẹ̀, ìfúnpá kékeré. Nínú sẹ́ẹ̀lì 10 cm, 0.05 mbar CO ti tó. Tí gééjì yín kò bá lè ka iye tó kéré báyẹn, ẹ lo gáàsì tí CO inú rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú 100, tó kù jẹ́ náítírójìn, kí ẹ kún un dé 5 mbar. Ewu rẹ̀ náà kéré sí i.
- Ẹ̀rọ orí tábìlì (0.5 cm⁻¹): ẹ fi náítírójìn kún un. Ìlà tó tín-ín-rín jù kò ní hàn ju fìrí lọ lójú ẹ̀rọ yìí. Tí ẹ bá ti fẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ẹ ó rí i pé ó ga sókè nínú àwòrán ẹ̀rọ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlà fúnra rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, iye tí ẹ bá sì wọ̀n á ṣeé gbà gbọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

## Ohun tí ẹ máa tò sílẹ̀

- Sẹ́ẹ̀lì gáàsì 10 cm, kí fèrèsé rẹ̀ jẹ́ CaF₂ (kálísíọ̀mù fúlóráídì)
- Pọ́ǹpù tí ẹnu ẹ̀yìn rẹ̀ ń tú síta ilé
- Gééjì ìfúnpá oríṣi capacitance, tí kì í bìkítà irú gáàsì tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì
- Detector (ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn sẹ́ẹ̀lì) oríṣi InSb. Tí kò bá sí, oríṣi MCT
- Náítírójìn olómi, ìbọ̀wọ́ tí kò fún, awò tó ń bo ojú
- Aláàmù CO, kí bátìrì rẹ̀ ṣì wà láàyè
- UPS tó lè gbé ẹ̀rọ àti kọ̀ǹpútà

Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí fèrèsé yẹn. Ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì máa ń wá pẹ̀lú KBr, KBr sì jẹ́ iyọ̀. Nínú láàbù kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, iná lọ lọ́jọ́ Ẹtì kan nínú òjò oṣù Keje, ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rinrin kúrò nínú yàrá kú, kò sì sẹ́ni tó rántí gbé sẹ́ẹ̀lì sínú àpótí gbígbẹ. Nígbà tí a fi máa dé lọ́jọ́ Ajé, fèrèsé méjèèjì ti funfun bí omi ògì. CaF₂ kò bẹ̀rù omi báyẹn, ó sì ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá dé nǹkan bíi 1100 cm⁻¹, èyí tó tó fún CO àti HCl dáadáa. Àfi tí ẹ bá fẹ́ wo ìlà CO₂ tó wà ní 667 ni ẹ máa padà sọ́dọ̀ KBr.

## Ìkìlọ̀: ẹ má fò ó

CO. Gáàsì yìí kan náà ni èéfín jẹnẹrétọ̀ fi ń pa odidi ìdílé mọ́jú. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, kì í ta ni lójú. Ẹ má ṣe dá nìkan ṣiṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Tí orí bá ń fọ́ ẹni méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ti fáàfù, kí ẹ jáde síta kí ẹ tó máa jiyàn.

Náítírójìn olómi. Lítà kan ṣoṣo ń di bíi 700 lítà gáàsì, á sì lé atẹ́gùn tí ẹ fẹ́ mí sínú kúrò nínú yàrá. Ẹ má gbé e nínú mọ́tò tí gbogbo wíńdò rẹ̀ wà ní títì, ẹ má sì de ọmọrí rẹ̀ pinpin.

HCl, fún àwọn tó bá fẹ́ lò ó: ó ń jẹ irin, pàápàá tí ọ̀rinrin bá wà níbẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì onígíláàsì ni kí ẹ lò, kì í ṣe onírin.

## Ìgbésẹ̀

1. Ẹ wo fèrèsé. Ẹ gbé sẹ́ẹ̀lì sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ìka ọwọ́, àbààwọ́n, ìlà tó sán: èyíkéyìí tí ẹ bá rí, ẹ yanjú rẹ̀ báyìí.

2. Ẹ fa afẹ́fẹ́ jáde, kí ẹ sì dán jíjò wò. Ẹ fà á dé ìsàlẹ̀ 0.01 mbar, ẹ ti fáàfù, kí ẹ wo gééjì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tí ẹ bá fẹ́ lo 0.05 mbar gáàsì, sẹ́ẹ̀lì tó ń gba 0.02 mbar afẹ́fẹ́ wọlé láàárín àkókò yẹn kò wúlò fún yín. Oríkèé tí rọ́bà wà ni ẹ ti máa kọ́kọ́ wá a. Ẹ rántí tún òdo gééjì náà ṣe nígbà tí òfìfo bá dára.

3. Ẹ mú detector tutù. Ẹ máa da náítírójìn olómi sí i díẹ̀díẹ̀, ẹ dúró kó dákẹ́ híhó, kí ẹ tún da. Ẹ fún un ní bíi ogún ìṣẹ́jú kí ẹ tó gba ohun tó bá sọ gbọ́. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn InSb fún CO ni pé kì í rí ohun tó wà nísàlẹ̀ 1850 cm⁻¹, ariwo rẹ̀ sì kéré ju ti MCT.

4. Ẹ fi fílítà dí ìmọ́lẹ̀ tí ẹ kò nílò. Èyí tó ń jẹ́ kí 1900 dé 2300 nìkan kọjá ti tó. Ìmọ́lẹ̀ tí kò bá sí lára iṣẹ́ yín, ariwo nìkan ló ń bá wá.

5. Ẹ dín ihò ìmọ́lẹ̀ kù. Aperture ni orúkọ rẹ̀ nínú mẹ́nù. Ẹ pín ìlọ́po méjì resolution sí ipò tó ga jù nínú àwòrán yín, kí ẹ wá root rẹ̀, kí ẹ sì fi ìlọ́po méjì focal length jígí àkọ́kọ́ (bí ibi tó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ sí ṣe jìnnà sí i) lù ú. Fún 0.005 ní 2300 cm⁻¹, pẹ̀lú focal length 42 cm, ó máa jẹ́ bíi 1.7 mm. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀ ní 4 mm nítorí pé “ìmọ́lẹ̀ pọ̀ níbẹ̀” ti sọ resolution rẹ̀ nù láìmọ̀.

6. Ẹ ya ti òfìfo. Sẹ́ẹ̀lì ṣófo, kó wà ní ààyè tó máa wà nígbà tí gáàsì bá wọlé, aperture kan náà, fílítà kan náà.

7. Ẹ fi gáàsì sí i. Ẹ ṣí fáàfù bí ẹni tó ń já epo sí ọbẹ̀. Ẹ dúró ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ó balẹ̀, kí ẹ kọ ìfúnpá àti ooru yàrá sílẹ̀.

8. Ẹ kọ́kọ́ yà á dánwò. Ẹ ya díẹ̀ péré, bíi ẹ̀ẹ̀mẹrin, kí ẹ wo ìlà tó ga jù, ní àgbègbè 2170 sí 2180. Tí ìmọ́lẹ̀ tó ń kọjá níbẹ̀ bá sún mọ́ òdo, ẹ fa gáàsì jáde díẹ̀ kí ẹ tún un yà. Ohun tí mo máa ń fẹ́ rí ni kí ó wà láàárín ìdá 30 sí 70 nínú 100.

9. Ẹ wá ya ti gidi, ní ìdì-ìdì. Ariwo ń dín kù bíi root iye ìgbà tí ẹ yà: 100 máa dára ní ìlọ́po mẹ́wàá ju 1 lọ, ṣùgbọ́n kí ó tó tún dára ní ìlọ́po méjì sí i, 400 lẹ máa yà. Ẹ má ṣe pàṣẹ fún ẹ̀rọ kó ya 200 papọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ pín in sí mẹ́wàá-mẹ́wàá, kí ẹ sì jẹ́ kó tọ́jú ìdì kọ̀ọ̀kan. Mo ti pàdánù iṣẹ́ òru kan rí nítorí pé UPS dákẹ́ ní aago mẹ́rin ìdájí, nígbà tí ó ku ogún péré. Ìdì tó bá bàjẹ́, ẹ yọ ọ́ dànù, ẹ kó èyí tó kù jọ.

10. Ẹ tún ipò ìlà ṣe. R(0) CO, ìlà àkọ́kọ́ lókè àlàfo ààrin, gbọ́dọ̀ wà ní 2147.08 cm⁻¹; P(1), àkọ́kọ́ nísàlẹ̀ rẹ̀, ní 2139.43. Tí tiyín bá yẹ̀ díẹ̀, ẹ má ṣe fi iye kan kún gbogbo rẹ̀. Lísà inú ẹ̀rọ àti ìmọ́lẹ̀ infrared kì í gba ojú ọ̀nà kan náà gẹ́lẹ́, nítorí náà ìsọdipúpọ̀ ni àṣìṣe yìí: iye kan ṣoṣo tó sún mọ́ 1 ni ẹ máa fi lu gbogbo ipò. Ẹ wá a láti ara bíi ogún ìlà tí ẹ fi wé HITRAN (àkójọ ìlà gáàsì tí wọ́n ti wọ̀n), kì í ṣe láti ara ẹyọ kan.

## Ohun tí ẹ rí àti ohun tó fà á

Orí ìlà tẹ́. Gáàsì pọ̀ jù. Ẹ padà sí ìgbésẹ̀ 8.

Ìlà wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, gbogbo rẹ̀ sì sún sísàlẹ̀. Aperture fẹ̀ jù.

Ìgbì tó ń lọ sókè-sódò lábẹ́ àwọn ìlà. Ojú fèrèsé méjèèjì ń ju ìmọ́lẹ̀ síra wọn. CaF₂ tó nípọn 5 mm ń fún yín ní ìgbì tó jìnnà síra ní bíi 0.7 cm⁻¹. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó fi gbogbo ọ̀sẹ̀ kan fún ìgbì yìí ní orúkọ bí ẹni pé ìlà N₂O ni! Ẹ wo àwòrán sẹ́ẹ̀lì òfìfo: tí ó bá wà níbẹ̀ náà, kì í ṣe gáàsì. Ẹ yí sẹ́ẹ̀lì síhà kan díẹ̀, tàbí kí ẹ ra fèrèsé tí ìhà kan rẹ̀ nípọn ju èkejì lọ.

Igbá kéékèèké lọ́tùn-ún lósì ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìrìn ìmọ́lẹ̀ kò jìnnà tó, ìlà náà ṣì tín-ín-rín ju ohun tí ẹ̀rọ lè yà lọ. Apodization Norton-Beer (ìṣirò tó ń mú kí òpin àmì tí ẹ̀rọ gbà rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀) máa pa wọ́n mọ́lẹ̀, ìlà yín á sì sanra díẹ̀ sí i. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ kọ́kọ́ wò ó láìsí apodization kankan. Igbá yẹn ń bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ má yára pa á lẹ́nu mọ́.

Ìlà kéékèèké láàárín àwọn ìlà ńlá, nísàlẹ̀ 2143. Ẹ má nù wọ́n nù bí ariwo. ¹³CO ni. Nǹkan bí ìdá 1.1 nínú 100 kábọ́ọ̀nù ayé ni ¹³C, àlàfo ààrin tirẹ̀ sì wà ní 2096. Ìgbà tí mo bá rí wọn ni ọkàn mi máa ń balẹ̀ pé iṣẹ́ náà dára.

Nǹkan kan ń hàn níbi tí detector kò gbọ́dọ̀ rí nǹkan kan. Fún MCT, èyí túmọ̀ sí pé ìmọ́lẹ̀ pọ̀ jù fún un, kò sì dáhùn ní ìbámu mọ́. Ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ iye gáàsì tí ẹ bá ṣírò á parọ́ fún yín.

“Mo fi zero-filling kún un, ó wá dára.” Zero-filling ni fífi òdo kún ìparí àmì tí ẹ̀rọ gbà kí ó tó ṣírò ìlà. Ó dára lójú ni. Ó fi àmì kún àárín àmì, kò fi ìmọ̀ kankan kún un.

## Tí ẹ kò bá ní ẹ̀rọ ńlá

Ẹ̀rọ 0.5 tó wà ní ẹ̀ka kẹ́mísírì yín lè ṣe ju bí ẹ ṣe rò lọ. HCl ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: ìlà kọ̀ọ̀kan máa hàn ní méjì-méjì, ńlá àti kékeré, bíi 2 cm⁻¹ síra wọn. Ńlá jẹ́ ti klóríìnì 35, kékeré jẹ́ ti 37, gíga wọn sì sún mọ́ mẹ́ta sí ọ̀kan. Ẹni tó bá bẹ̀rù HCl, kó ṣí àyè tí sẹ́ẹ̀lì máa ń wà sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ yàrá, kó sì wo 2349: CO₂ tí ẹ ń mí jáde ti wà níbẹ̀ ń dúró dè yín.

Tí ìlà kan tàbí méjì péré ni iṣẹ́ yín nílò, lísà quantum cascade dára ju FTIR lọ. Ìlà tirẹ̀ tín-ín-rín gan-an ju 0.005 lọ, kò sì nílò dígí tó ń rìn. Àléébù rẹ̀ ni pé cm⁻¹ mélòó kan ló lè rìn dé. Tí ẹ bá yan èyí tí kò dé ibi gáàsì yín, owó ti bọ́ sómi.

Fún mólékù tí ìlà rẹ̀ wà ní infrared tó jìnnà, níbi tí iná inú ẹ̀rọ ti máa ń rẹ̀, ẹ lè kọ ìwé béèrè àkókò ní SOLEIL ní ilẹ̀ Faransé tàbí ní Australian Synchrotron ní Melbourne, àwọn ibùdó ńlá tó ń pèsè ìmọ́lẹ̀ alágbára fún ìwádìí. Ìmọ́lẹ̀ wọn ń gba ihò kékeré kọjá láìpàdánù púpọ̀. Fún CO ní 2143, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu lọ síbẹ̀.

Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ rárá ṣì lè ṣe ìdajì iṣẹ́ náà lórí kọ̀ǹpútà. HITRAN wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, HAPI tí wọ́n fi Python kọ sì ń ya ìlà láti inú rẹ̀. Ẹ tẹ ìfúnpá, gígùn sẹ́ẹ̀lì àti resolution sí i, ẹ ó rí ohun tí ẹ̀rọ máa fi hàn yín kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí gáàsì.

## Kí ẹ tó fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí mi

Ẹ fi àwọn nǹkan wọ̀nyí sí i, torí èmi náà máa béèrè wọn:

- Gígùn sẹ́ẹ̀lì àti irú fèrèsé
- Ìfúnpá gáàsì, àti ohun tí ẹ fi kún un
- Aperture ní mm
- Irú detector àti fílítà
- Fáìlì interferogram fúnra rẹ̀ (àmì tí ẹ̀rọ gbà kí ó tó sọ ọ́ di ìlà). Fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà tí ẹ fi fóònù yà kò lè ràn mí lọ́wọ́.